Ọkọ Mi àti Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ewé

Kì í ṣe èmi ni mo ra ọkọ̀ náà, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó rà á. Ọkọ mi ló rí i níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọkọ̀ àlòkù tó ti Faransé dé, lójú ọ̀nà Kraké, ó sì padà wálé lọ́jọ́ náà bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọge. Kò lè jẹun. Ó ń rìn káàkiri yàrá, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi: ọkọ̀ kékeré, ilẹ̀kùn méjì péré, ara rẹ̀ aláwọ̀ ewé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé, òrùlé rẹ̀ funfun, iná iwájú rẹ̀ rí roboto, àga inú rẹ̀ jẹ́ awọ pupa tí wọ́n fi òwú funfun rán létí.

"Rírán rẹ̀ gún," ó ní. "Mo fọwọ́ kàn án. Ẹni tó rán àga yẹn mọṣẹ́."

Mo bi í pé ṣé ó mú mẹ́kánò dání lọ wo ẹ́ńjìnnì. Ó wò mí bíi pé mo sọ ọ̀rọ̀ àìdáa.

"Nígbà tí mo wá fẹ́ ọ nílé bàbá rẹ, ṣé mo mú dókítà dání?"

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Aránṣọ ni, aṣọ ọkùnrin ló ń rán, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní àdúgbò wa, Houinmè níbí, kò ju ilé mẹ́ta lọ sí ilé wa. Àwọn tó fẹ́ jáde lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kí ojú ènìyàn má kúrò lára wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wá. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ ṣòkòtò tí kò ní ojú ìlà áyọ́ọ̀nù. Èmi ní tèmi, olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ ni mò ń wọ̀, sémíjàn ni mò ń gùn, àwọn ọlọ́kadà tó kún gbogbo ìgboro Àjàṣẹ́. N kò rò pé mo nílò ọkọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà wà lẹ́nu ọ̀nà wa, àwọn aládùúgbò sì dúró yí i ká bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun jáde.

N kò ní purọ́: ó dára. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé mi jáde nínú rẹ̀, tí a gba ẹ̀bá ọ̀sà kọjá, mo rí i tí àwọn ènìyàn ń yí ọrùn wò wá, inú mi sì dùn lọ́nà kan tí mo fi ń tijú ara mi.

Kò pé oṣù kan tó fi kọ́kọ́ dúró. A ń ti ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Adjarra bọ̀, oòrùn mú, ọwọ́ kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó sì gun orí ibi pupa lọ. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú. Mẹ́kánò tó wà nítòsí ilé wa ní rọ́bà omi ló jò, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó dára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà iná batirí ń tàn lójú ọkọ̀, mẹ́kánò kan náà sì ní batirí ló ti gbó. A ra batirí. Lẹ́yìn náà ohùn kan bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, ohùn tín-ín-rín bí igbe eku tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ṣáná sí ọkọ̀, tó sì ń dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Mẹ́kánò náà ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó mú ọṣẹ gbígbẹ, ó fi ra nǹkan kan nínú ibẹ̀, ohùn náà sì dákẹ́. Ọkọ mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Obìnrin tó bá lẹ́wà, ó máa ń ráhùn díẹ̀," ó ní.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan ni àìsàn náà dé. Ó ti kírun tán, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ká aṣọ kan tó fẹ́ kó fún oníbàárà, àfi bí ó ṣe ṣubú lulẹ̀ lórí aṣọ náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí a fi máa gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn, gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú: ẹsẹ̀, ọwọ́ tó fi ń di sísọ́ọ̀sì mú, igun ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì lọ. Gbogbo Yorùbá tó ń fi ń pa wá lẹ́rìn-ín, gbogbo Faransé, gbogbo èdè Gùn tó fi ń ná owó aṣọ lọ́jà, ó kù ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ó lè sọ pé "rárá". Ó lè pe Ọlọ́hun. Ẹ̀kẹta ni "okùn".

Omi ni ó fẹ́ mu, "okùn" ni yóò sọ. Tí ó bá fẹ́ kí n ti fèrèsé, "okùn". Tí ó bá ń béèrè ọmọ wa tó wà ní Parakou, "okùn". Dókítà ṣàlàyé fún mi pé òye rẹ̀ pé, pé ọ̀rọ̀ tó ń wá ni ọwọ́ rẹ̀ kò tó, tí ẹyọ kan tó kù nítòsí sì ń já sí i lẹ́nu. Ó ní kí n má ṣe bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Mo ní mo ti gbọ́. Mo rò pé okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ló ń sọ, èyí tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn oṣù kan, n kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí, ẹ ó mọ bó ṣe máa ń rí: etí á di.

Wọ́n ní tí ó bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń na iṣan fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹsẹ̀ lè padà. Kùtọnu ni ọkùnrin náà wà. Nínú takisí tí gbogbo ènìyàn jọ ń wọ̀, wọn a há mẹ́rin sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọkọ mi kò sì ṣeé ká. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà wà lẹ́nu ọ̀nà, eruku ti bò ó. Báyìí ni mo ṣe lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà nígbà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àbúrò mi obìnrin ń jókòó ti ọkọ mi nílé, èmi wà nídìí ìdarí lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ kan tó ń pariwo mọ́ mi gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo gba ìwé ẹ̀rí. Mo fọ ọkọ̀ náà. Lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Àlàrùbá, nígbà tí kò bá sí iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń gbé ọkọ mi jókòó sí apá ọ̀tún mi, mo máa ń fi bẹ́líìtì dì í mọ́ àga, a ó sì kọjú sí afárá tó gba orí ọ̀sà lọ sí Kùtọnu.

N kò lè ṣàlàyé tán bí ẹ̀rù ìrìn àjò yẹn ṣe rí. Tí mo bá ti jókòó sídìí ọkọ̀ náà, ojú mi kan ń wo títì, ojú kejì ń wo ọwọ́ kékeré tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná. N kì í tan afẹ́fẹ́ tútù. N kì í tan rédíò, kí n lè máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Mo kó ike omi mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró fún wa lójú ọ̀nà kí ó tó di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí; mo dúró lábẹ́ igi, mo da omi sí i nígbà tó tutù, a ń bá a lọ. Mẹ́kánò wa ní kí n má ṣe mikàn, ọkọ̀ tó ti pẹ́ ni.

Ohùn eku yẹn sì ti padà dé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣáná sí i, yóò ké. Ọkọ mi á sì gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, á na ìka síwájú, á ní, "Okùn."

Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, okùn. Ẹ jẹ́ kí n tún bẹ́líìtì yín ṣe."

Á gbọn orí. "Rárá. Okùn."

"Mo ti gbọ́ o. Okùn ni."

Bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ó máa ń fi ọwọ́ òsì náà lu itan, á sì kọjú sí fèrèsé.

Ọjọ́ Àlàrùbá tí mò ń sọ, oòrùn ọ̀sán le débi tí ọ̀sà fi ń dán bí páànù. Ọkọ̀ pọ̀ lórí afárá, a ń lọ díẹ̀, a ń dúró díẹ̀. Ibi tí ojú ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ni ohùn eku yẹn tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń le sí i. Iná batirí tàn. Mo wo ọwọ́ kékeré: ó ti kọjá àárín.

"Okùn," ọkọ mi ní.

Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ kékeré náà.

"Okùn! Okùn!" Ó ń fi ọwọ́ òsì lu iwájú ọkọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀! Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ má dá kún un!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jágbe mọ́ ọn láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé. Kí n tó pa ẹnu dé, nǹkan kan ké pàù níwájú, ẹ́ńjìnnì kú, èéfín funfun sì bo gíláàsì. Òórùn rọ́bà tó ń jó wọlé wá bá wa.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn.

Mo tẹ bíréèkì. Ó le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, nítorí ẹ́ńjìnnì ti kú. Àfi ìgbà tí mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ ni ọkọ̀ tó dúró. Mo wo dígí ẹ̀yìn, ohun tí mo rí kò ju orí kámíọ̀n kan lọ, kámíọ̀n akóyanrìn, ó súnmọ́ wa débi pé n kò rí gíláàsì rẹ̀, irin iwájú rẹ̀ nìkan ni. Fèrè rẹ̀ ń dún lemọ́lemọ́. Mo fa bíréèkì ọwọ́ tó wà láàárín àwa méjèèjì. Ó ti pẹ́ tó ti dẹ̀. A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì máa ń fi òkúta dí táyà nílé. Tí mo bá fà á, ó ń di ọkọ̀ mú. Tí mo bá fi sílẹ̀, ó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Èéfín ń pọ̀ sí i. Mo rò pé iná ni. Mo wo ọkọ mi nínú bẹ́líìtì tí mo fi dì í, ilẹ̀kùn tirẹ̀ wà ní apá tó ti kú, mo sì rí i kedere pé tí iná bá ràn, n kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, tí mo bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, a ó yí lọ sábẹ́ kámíọ̀n.

N kò lè rántí bóyá mo gbàdúrà. Mo rántí pé mo ń sọ pé, "Kí ni kí n ṣe? Kí ni kí n ṣe?"

Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló wá. Ó gbá ọwọ́ mi dànù lórí bíréèkì ọwọ́, ó dì í mú, ó fà á sókè mọ́ àyà rẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó wò mí, ó sì fi àgbọ̀n júwe ìta fún mi. Jáde.

"Ṣé ẹ lè dì í mú?"

Ó tún fi àgbọ̀n júwe. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ mì. Ó dúró. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, ó sì dúró.

Mo fò jáde. Lórí afárá, níbo lèèyàn ti máa rí òkúta? Mo ń sáré yí ọkọ̀ ká bí adìyẹ, àwọn sémíjàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ọ̀kan fi Gùn bú mi. Awakọ̀ kámíọ̀n sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin gíga kan, Yorùbá ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti apá Èkó.

"Mádáàmù, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́nà!"

"Ọkọ mi wà nínú rẹ̀! Kò lè rìn. Ọwọ́ kan ló fi di bíréèkì mú!"

Ó yọjú wo inú ọkọ̀. Ó sáré padà, ó gbé igi onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń dí táyà kámíọ̀n wá, ó sì kì í bọ abẹ́ táyà wa. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a wọlé dáadáa. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ojú fèrèsé.

"Bàbá, ó ti tó. Ẹ fi sílẹ̀."

Ọkọ mi kò fi í sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ń wo iwájú, òógùn ń ro ní àgbọ̀n rẹ̀. Èmi ni mo wọlé, tí mo sì ń ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lára irin náà.

Kò sí iná. Omi gbígbóná ni èéfín náà. Mo fẹ́ ṣí ìdérí omi, awakọ̀ náà fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. "Ó máa bó yín lójú! Ẹ jẹ́ kó tutù." Ó ní òun mọ mẹ́kánò kan ní òdìkejì afárá, ará Abẹ́òkúta tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó yí kámíọ̀n rẹ̀ gba iwájú wa, ó fi ṣéènì so wá mọ́ ọn, ó sì fà wá lọ jẹ́jẹ́. Èmi wà nídìí ìdarí tó le koránkorán, mò ń tẹ bíréèkì òkú pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì kí n má baà kọlu ìdí kámíọ̀n. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mẹ́kánò náà jẹ́ àgbàlagbà tí kì í yára. Ó gbé àga fún ọkọ mi sábẹ́ òjìji. Ó dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi títí ó fi ṣí ìdérí. Ọkọ mi na ọwọ́ òsì síwájú láti orí àga.

"Okùn," ó ní, wẹ́lẹ́.

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún mẹ́kánò pé àìsàn ni, pé gbogbo nǹkan ni okùn. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti tẹ orí bọ inú ẹ́ńjìnnì, ó fa nǹkan dúdú kan jáde, rọ́bà gígùn kan tó ti fàya, tí etí rẹ̀ ti jó. Ó gbé e sókè.

"Bàbá ti ríran," ó ní. "Okùn náà ni. Òun ló ń yí ohun tó ń fa omi káàkiri ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń yí èyí tó ń bọ́ batirí. Irin tó ń fà á le ti gbó, okùn sì ń yọ̀. Ṣé kò máa ń ké tí ẹ bá ṣáná sí i ni?"

"Ó máa ń ké," mo ní.

"Èèyàn sì ti fi ọṣẹ pa á. Ẹ wò ó. Ta ló fi ọṣẹ pa okùn?" Ó yíjú sí ọkọ mi. "Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Ọkọ mi yíjú kúrò lára rẹ̀. Èmi ló ń wò.

Mo ti gba oríṣiríṣi ìtìjú láyé, kò sí èyí tó dà bíi tọjọ́ yẹn. Ó lé ní oṣù méjì tí ó ti ń sọ ọ́ fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣáná sí ọkọ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí àìsàn fi sílẹ̀ fún un, tí èmi sì ń dá a lóhùn pé "mo ti gbọ́". Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú epo dúdú ilẹ̀ gáràájì yẹn, mo ní kó dárí jì mí. Ó kọjú sápá ibòmíràn. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi wò mí lójú. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ ẹ́; tí mo bá sọ̀rọ̀, á pa ojú dé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo mú síléètì kan wálé láti ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Mo gbé e lé e lórí itan, mo ní, "N kò ní méfò mọ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi hàn mí. Tí kò bá yé mi, mo máa sọ pé kò yé mi." Ó pẹ́ kó tó mú ṣọ́ọ̀kì náà. Lẹ́tà rẹ̀ kò gún, ọwọ́ òsì kò kọ̀wé rí. Ó ya ife. Mo lọ bu omi wá.

Ọ̀ràn ọkọ̀ kò tán síbẹ̀. Mẹ́kánò ará Abẹ́òkúta pààrọ̀ okùn àti irin tó ń fà á, igbe eku náà sì dákẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kì í padà sí bó ṣe wà. Òótọ́ ló sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láìsí ibi tó ń jò sí, ó ń tú èéfín funfun lẹ́yìn tí mo bá ṣáná sí i. Mo sọ fún ọkọ mi pé kí a tà á. Ó kọ RÁRÁ sórí síléètì, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí," mo ní. "Ẹ wò mí. Láti ọjọ́ Ajé ni n kì í ti í sùn."

RÁRÁ. Ó nu ún nù, ó tún un kọ.

A jà. Ó ṣòro láti bá ẹni tó ń fi síléètì jà jà. Mo ń sọ̀rọ̀, òun ń kọ, ó di dandan kí n dúró kí ó parí kí n tó dáhùn. Bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìjà náà burú jù. Ọkọ̀ yẹn ni ohun tó gbẹ̀yìn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn nígbà tí ara rẹ̀ pé. Kò kọ ìyẹn. Èmi ni mo rí i.

Nítorí náà n kò tún dárúkọ títà. Mò ń wà á lọ, mò ń da omi sí i. Ọjọ́ Àlàrùbá kan ní ìgbà òjò, ó kú sí ẹnu ibodè ilé tí wọ́n ti ń na iṣan fún un. Mo tì í nínú òjò, èmi nìkan, títí bàtà mi fi yọ̀ tí mo fi orúnkún lulẹ̀. Nígbà tí mo wọ inú ọkọ̀ padà, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi, ọkọ mi ti gbé síléètì lé orí itan. Ó ti kọ ọ́ tán. TÀ Á.

"Ó dá yín lójú?"

Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ nu omi òjò kúrò lójú mi.

Mẹ́kánò ará Abẹ́òkúta náà ló rà á. Ó mọ gbogbo àrùn rẹ̀, kò sí ohun tí a ní láti fi pamọ́ fún un. Ó ní òun máa gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú rẹ̀ fún ìyàwó òun. Ní ọjọ́ tó wá gbé e, ọkọ mi ní kí n gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wò ó títí ó fi yí kọ́nà. Mo gbé tíì wá fún un, mo sì jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn títí ó fi mu ún tán.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń jókòó, ó ń fi ọwọ́ òsì gé aṣọ tí ẹlòmíràn ń rán. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń ká díẹ̀, nítorí náà takisí la ń wọ̀ lọ sí Kùtọnu. A máa ń san ti ẹni mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má baà há mọ́ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ takisí kan ń sáré àsápajúdé lórí afárá, ó fẹ́ gba iwájú kámíọ̀n kan kọjá. Mo ti di etí àga iwájú mú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi tẹ̀ síwájú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan èjìká ọkùnrin náà.

"Rọra," ó ní.

Ohùn rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ náà.

"Ẹ má bínú, Bàbá," awakọ̀ ní, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo.